Ilé Irúgbìn Abúlé: Bí Ẹ Ṣe Lè Dá A Sílẹ̀ Kí Òjò Tó Dé

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ ní Ìbàràpá àti Ọ̀kè-Ògún, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló máa ń gun ọ̀kadà lọ sígboro láti lọ ra irúgbìn. Owó tí wọn ì bá fi gba alágbàṣe ni wọ́n ń kó fún ọlọ́jà. Bí irúgbìn náà bá ti gbó jù, tàbí tó bá jẹ́ àgbàdo jíjẹ ni ẹnì kan kàn fi àwọ̀ pa lára, ìgbà tí kò bá hù lóko ni wọ́n tó máa mọ̀, òjò tí wọ́n ń retí á sì ti kọjá lọ. Abúlé tí irúgbìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ara rẹ̀ ló lè pinnu ohun tí yóò gbìn, ìgbà tí yóò gbìn ín, àti ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò jẹ. Èyí tí kò ní i, ẹlòmíràn ló ń bá a pinnu.

Ọ̀rọ̀ kí àwùjọ ní àṣẹ lórí oúnjẹ ara rẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ gbogbo ayé. Ní Róòmù lọ́dún 1996, nígbà tí àwọn ìjọba ń ṣe àpérò lórí oúnjẹ, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní La Vía Campesina gbé e síwájú wọn. Ní oṣù Èrèlé 2007, àwọn àgbẹ̀, apẹja àti darandaran tó lé ní 500 pàdé ní Sélingué, lórílẹ̀-èdè Mali, wọ́n sì fi orúkọ Nyéléni, obìnrin àgbẹ̀ kan nínú ìtàn àwọn ará Mali, sọ ìpàdé náà. Nígbà tó di oṣù Ọ̀pẹ 2018, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ìkéde lórí ẹ̀tọ́ àwọn àgbẹ̀. Abala 19 nínú rẹ̀ sọ pé àgbẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti tọ́jú irúgbìn oko rẹ̀, kí ó lò ó, kí ó fi ṣe pàṣípààrọ̀, kí ó sì tà á. Ẹ̀tọ́ yẹn kò lè wúlò fún ẹni tí kò ní irúgbìn kankan nílé. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé irúgbìn ló yẹ kí abúlé fi bẹ̀rẹ̀, ṣáájú ajílẹ̀ oníkẹ́míkà, ṣáájú katakata, ṣáájú owó yíyá.

Bí abúlé ṣe ń dá ilé irúgbìn sílẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú irúgbìn, tí wọ́n sì ń yá a fún ara wọn, ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí. Ọdún kan péré tó láti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ọdún mẹ́ta ni kí ẹ ní lọ́kàn kí ilé irúgbìn náà tó lè dá dúró.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ní

Ẹ pe ìpàdé ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Ẹ rí i pé àwọn ìyá àgbà wà níbẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n jókòó sẹ́yìn, torí àwọn ló mọ irúgbìn ẹ̀fọ́, ẹ̀gúsí àti ẹ̀wà jù. Ẹ fi igi fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn sórí ilẹ̀ kí ó di yàrá mẹ́rin. Yàrá kìíní wà fún ohun ọ̀gbìn tí ọ̀pọ̀ ilé ń gbìn lórí ilẹ̀ tó pọ̀. Yàrá kejì wà fún èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ń gbìn, àmọ́ tó jẹ́ ẹ̀yìnkùlé nìkan ni wọ́n ń gbìn ín sí. Yàrá kẹta wà fún èyí tí ilé díẹ̀ ń gbìn lọ́pọ̀ yanturu. Yàrá kẹrin ni ti èyí tó jẹ́ pé ilé kan tàbí méjì ló ṣì ń gbìn ín, lórí ilẹ̀ tí kò ju ebè mélòó kan lọ. Kí oníkálukú mú ewé, hóró tàbí iṣu tirẹ̀, kí ó gbé e sínú yàrá tó bá a mu. Àríyànjiyàn yóò wà. Ẹ jẹ́ kí ó wà, torí inú àríyànjiyàn yẹn ni ẹ ti máa gbọ́ ìtàn àwọn irúgbìn náà.

Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo yóò kún yàrá kìíní. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ewédú, ilá àti ata yóò kún ìkejì. Yàrá kẹrin ni kí ẹ dúró tì jù. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti bá òtílì, èsúrú, àwùjẹ, àgbàdo ilẹ̀ wa tí àwọn àgbà fẹ́ràn fún ògì, àti ẹ̀gúsí tí ìyá kan ṣoṣo ṣì ní nínú ìgò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Bí ìyá yẹn bá lọ, irúgbìn náà lọ nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: orúkọ rẹ̀, ẹni tó ní i, oṣù tó ń gbà kó tó gbó, bó ṣe ń ṣe bí ọ̀dá bá dé, àti oúnjẹ tí wọ́n ń fi í ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè èyí tó ti parẹ́ pátápátá. Irúgbìn tó parẹ́ lábúlé lè ṣì wà níbòmíràn. Ilé ìpamọ́ irúgbìn IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé tó wà ní Ìbàdàn, ní oríṣi ẹ̀wà tó lé ní 15,000 ní ìpamọ́, inú oko àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n sì ti kó ọ̀pọ̀ nínú wọn. NACGRAB, ilé ìpamọ́ irúgbìn ti ìjọba àpapọ̀, náà wà ní Moor Plantation, ní Ìbàdàn kan náà. Ẹ lè kọ lẹ́tà lórúkọ ẹgbẹ́ yín láti béèrè, àmọ́ hóró díẹ̀ ni wọ́n máa ń fún ènìyàn, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ ọ́ di púpọ̀.

Ẹ má ṣe gbìyànjú láti tọ́jú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọdún àkọ́kọ́, àgbàdo kan, ẹ̀wà kan, ẹ̀fọ́ méjì, àti ohun kan láti inú yàrá kẹrin tó.

Ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀?

Ilé irúgbìn tí mo ti rí tó wó, kì í ṣe kòkòrò ló wó o. Àìgbẹ́kẹ̀lé ara ẹni ni. Ẹ má lọ ya òfin ẹgbẹ́ látinú ìwé àwọn àlejò, torí Yorùbá ti ní àáró, ọ̀wẹ̀ àti èésú tipẹ́, gbogbo abúlé ló sì mọ bí a ṣe ń bá ẹni tó bá jẹ èésú mọ́ra sọ̀rọ̀. Ìlànà yẹn gan-an ni kí ẹ lò: iye tí ènìyàn kó wá hàn sí gbogbo ẹgbẹ́, ìgbà tó máa dá a padà hàn, ẹni tó ṣe onídùúró fún un sì hàn.

Ẹni márùn-ún sí méje tó fún ìgbìmọ̀. Kí obìnrin pọ̀ nínú wọn ju ọkùnrin lọ, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ènìyàn méjì tí kì í ṣe ará ilé kan náà. Kí ọ̀dọ́ kan tó mọ̀wé máa kọ àkọsílẹ̀, kí wọ́n sì máa ka ìwé náà sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn ní ìparí ìkórè kọ̀ọ̀kan.

Lórí yíyá, ohun tó ti ń ṣiṣẹ́ níbi púpọ̀ ni kí ẹni tó bá yá kóńgò kan dá kóńgò méjì padà lẹ́yìn ìkórè bó bá jẹ́ àgbàdo, tàbí kóńgò kan àtààbọ̀ bó bá jẹ́ ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà, torí àwọn wọ̀nyí kì í pọ̀ tó àgbàdo. Bí oko ẹnì kan bá bàjẹ́ torí ọ̀dá, tàbí tí màlúù jẹ ẹ́, kí ìgbìmọ̀ lọ wò ó lójú oko, kí wọ́n sún gbèsè rẹ̀ sí ọdún tó ń bọ̀. Ẹ má ṣe sọ ọ́ di owó rárá. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti gbà kí àwọn ènìyàn máa san owó dípò irúgbìn ni ilé náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo.

Ọ̀rọ̀ kan tó máa ń le láti sọ ni ti àwọn àlejò oko. Nínú abúlé wa, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ilẹ̀ jù kì í ṣe ọmọ bíbí ibẹ̀: Ègùn, Ìgede, Tiv, Fúlàní tó ti dá oko. Àwọn náà ní irúgbìn tó dára, wọ́n sì nílò irúgbìn. Ẹ fi wọ́n kún ẹgbẹ́ láti ọjọ́ kìíní. Bákan náà ni ti ilẹ̀ tí ẹ máa fi ṣe oko irúgbìn. Kí Baálẹ̀ àti ẹbí tó ni ilẹ̀ fún yín ní ilẹ̀ náà fún ó kéré tán ọdún mẹ́ta, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí sì fọwọ́ sí i. Ilẹ̀ tí ẹ ti tún ṣe dáadáa máa ń wu olówó.

Oko irúgbìn

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, irúgbìn ni ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí a bá ti jẹ èyí tó dára tán. Ilá tó ti le jù ni a ń fi sílẹ̀ kó gbó, àgbàdo kékeré ni a ń so sókè. Bí a bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, èyí tí kò dára ni a ń yàn láti di ìyá àwọn tó ń bọ̀. Òfin oko irúgbìn ni pé igi tó dára jù ni a kò gbọ́dọ̀ jẹ. Ẹ so òkùn pupa mọ́ ọn láti ìgbà tó ṣì wà ní tútù, kí gbogbo ará ilé sì mọ̀ pé a kì í fọwọ́ kan ohun tí a so òkùn mọ́.

Àgbàdo ló le jù, torí afẹ́fẹ́ ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú orí rẹ̀ kiri, àgbàdo aládùúgbò lè wọ inú tiyín láìjẹ́ pé ẹ rí i. Kí oko irúgbìn àgbàdo jìnnà sí oko àgbàdo mìíràn tó 200 mítà. Bí ilẹ̀ kò bá gba ìyẹn, ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú tàbí sẹ́yìn àwọn yòókù gbìn ín, kí wọ́n má baà yọ irùkẹ̀rẹ̀ lásìkò kan náà. Àárín oko ni kí ẹ ti mú irúgbìn, ẹ fi àwọn ebè etí sílẹ̀ fún jíjẹ. Ẹ yàn án nígbà tó ṣì dúró lórí igi: igi tó lágbára, tí kò ṣubú, tí ewé rẹ̀ kò ní àrùn, tí háhá rẹ̀ sì bo orí ọmọ àgbàdo náà pa. Háhá tó bo orí pa yẹn ṣe pàtàkì gan-an, òun ni kì í jẹ́ kí òjò àti kòkòrò ráàyè wọlé. Ẹ mú láti ara igi tó tó 100, ó kéré tán. Bí ẹ bá mú láti ara igi mẹ́wàá péré nítorí pé wọ́n tóbi, láàárín ọdún díẹ̀ àgbàdo náà yóò máa kéré, yóò sì máa rẹ̀yìn. Nígbà tí ẹ bá ń yìn ín, hóró àárín ni kí ẹ mú, kí ẹ fi ti orí àti ti ìdí sílẹ̀ fún ògì.

Àgbàdo hybrid, èyí tí wọ́n fi oríṣi méjì bí, kò sí fún ilé irúgbìn. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbìn ín bó bá wù ú, àmọ́ ọmọ rẹ̀ kì í jọ ọ́, ìkórè rẹ̀ sì máa ń wálẹ̀ lọ́dún kejì. Àgbàdo tó ń bí irú ara rẹ̀ nìkan ni kí ẹ gbà wọlé.

Láti ọdún 2016 ni kòkòrò fall armyworm ti wọ orílẹ̀-èdè wa, oko àgbàdo sì ni ó ń jẹ jù. Nínú oko irúgbìn tí kò tóbi, ẹ lè bá a jà láìsí oògùn olóró bí ẹ bá ń lọ síbẹ̀ ní àárọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láti ọjọ́ tó bá ti yọ ewé mẹ́ta. Ẹ fọ ẹyin tó wà lẹ́yìn ewé, kí ẹ da eérú tàbí yanrìn díẹ̀ sínú àárín ewé orí tó ti jẹ. Omi hóró dóńgóyárò tí a gún, tí a sì rẹ mọ́jú, náà ń ṣiṣẹ́ tí kòkòrò bá ṣì kéré.

Ẹ̀wà rọrùn, torí ara rẹ̀ ló ń gbà lóyún, mítà márùn-ún sí mẹ́wàá tó láàárín oríṣi kan àti èkejì. Ibi tí wàhálà rẹ̀ wà ni pé láti oko ni kòkòrò ti ń yé ẹyin sí i lára, a óò kàn gbé e wálé ni. Ẹ ká a ní kété tí èèpo rẹ̀ bá gbẹ, ẹ má dúró de àwọn tó kù. Fún irúgbìn, ẹ gbin ẹ̀wà ní òjò àrọ̀kúrò, ní ìparí oṣù Ògún sí ìbẹ̀rẹ̀ Ọwẹ́wẹ̀, kí ó lè gbẹ nígbà tí òjò ti ń lọ.

Tẹ̀tẹ̀, ẹ gé orí rẹ̀ nígbà tí hóró rẹ̀ bá dúdú, ẹ lù ú sórí aṣọ, kí ẹ fẹ́ ẹ. Ewédú, ẹ dúró kí èèpo rẹ̀ pọ́n dúdú, kí ẹ ká a kó tó bẹ́. Tòmátì, ẹ fún hóró rẹ̀ sínú omi, ẹ fi í sílẹ̀ ọjọ́ méjì kó hó, kí ẹ tó ṣàn án. Ata rodo àti ata ṣọ̀ḿbọ̀ ń gba ara wọn lóyún nípasẹ̀ kòkòrò, ẹ má gbìn wọ́n pọ̀ bó bá jẹ́ irúgbìn lẹ fẹ́.

Èbù iṣu yàtọ̀ sí gbogbo ìwọ̀nyí, torí kò ṣeé kó sínú ike, owó rẹ̀ sì wọ́n débi pé òun ló máa ń lé ọ̀dọ́ kúrò nídìí iṣu. Ohun méjì ni kí ẹ ṣe. Èkíní ni pé kí ẹ kan èèkàn mọ́ ìdí iṣu tí ewé rẹ̀ bá tutù yọ̀yọ̀, tí kò ní ààmì àrùn, ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tó hù, kí ewé tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Nígbà ìkórè, ẹ ya iṣu abẹ́ èèkàn sọ́tọ̀, òun ni èbù. Bí ewé bá ti gbẹ tán, kò sẹ́ni tó lè mọ èyí tó ní àrùn mọ́. Èkejì ni ọgbọ́n ìgé kéékèèké tí àwọn olùwádìí ní Umudike, níbi tí ilé ìwádìí ìjọba lórí iṣu àti ẹ̀gẹ́ wà, àti ti IITA gbé kalẹ̀: a gé iṣu tó mọ́ tónítóní sí ègé tí kò ju 25 gíráàmù sí 50 gíráàmù, ègé kọ̀ọ̀kan ní èèpo lára. A fi eérú pa á lára, a sá a sábẹ́ ibòji di ọjọ́ kejì, a sì gbìn ín sí ebè kéékèèké tó sún mọ́ra. Iṣu kan ṣoṣo lè fúnni ní èbù tó pọ̀ báyìí. Àwọn baba wa ní ọgbọ́n tiwọn náà: wọ́n á wa iṣu tuntun ní oṣù Agẹmọ sí Ògún, wọ́n á fi orí rẹ̀ sílẹ̀ lára igi, wọ́n á bò ó padà, yóò sì ta èbù kí ọdún tó parí. Ọgbọ́n yẹn ṣì dára.

Igi ẹ̀gẹ́, ara ẹ̀gẹ́ tó ti tó oṣù mẹ́jọ sí méjìlá, tí ewé rẹ̀ kò ká kò, tí kò sì ní àbààwọ́n ìyeyè, ni kí ẹ ti gé e. Igi kọ̀ọ̀kan kó gùn tó 25 sẹ̀ǹtímítà, kí ó ní ojú márùn-ún sí méje. Oko ni ilé irúgbìn ti ẹ̀gẹ́, ẹ kàn ní ebè mélòó kan tó wà fún igi nìkan.

Gbígbẹ àti ìdánwò

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ irúgbìn ní òfin kan tó rọrùn: bí omi inú irúgbìn bá dín kù ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ọjọ́ ayé rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Òfin náà ń ṣiṣẹ́ láti 14 wálẹ̀ dé nǹkan bíi 5. Ìyẹn ni pé ìyàtọ̀ láàárín irúgbìn tó pé ọdún mẹ́rin tó ṣì ń hù àti èyí tó kú lóṣù mẹ́fà lè jẹ́ oòrùn ọjọ́ mélòó kan.

Ẹ sá a sórí tapólì tàbí ẹní, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ máa yí i. Ẹ má sá irúgbìn sórí títì ọlọ́dà, ooru rẹ̀ lè pa ọlẹ̀ inú rẹ̀. Hóró ẹ̀fọ́ kéékèèké kì í gba oòrùn ọ̀sán gangan, abẹ́ ibòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ló yẹ ẹ́.

Láti mọ̀ bóyá àgbàdo tàbí ẹ̀wà ti gbẹ, ẹ bu iyọ̀ tó gbẹ dáadáa ṣíbí kan sínú ìgò tó gbẹ, ẹ bu irúgbìn sí i títí dé ìdajì, kí ẹ dé e, kí ẹ mì ín fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú rẹ̀ ṣì ju 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ẹ dá a padà sí oòrùn. Bí kò bá lẹ̀ mọ́, ẹ ṣì sá a fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta sí i, torí ìdánwò iyọ̀ ń sọ pé kò ní bu, kò sọ pé ó ti gbẹ tó láti pẹ́. Tí ẹ bá ki eyín bọ̀ ọ́, kí ó fọ́ pákáú, kí ó má tẹ̀.

Fún hóró ẹ̀fọ́, ẹ lè yan ìrẹsì tí a kò tíì sè nínú ìkòkò gbígbẹ títí yóò fi pọ́n díẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù nínú ike tí ẹ dé pa, kí ẹ wá fi irúgbìn náà sínú aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ìrẹsì yẹn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìrẹsì náà yóò fa omi tó kù.

Kí ẹ tó yá ẹnikẹ́ni ní irúgbìn, ẹ dán an wò. Ẹ ka 100 hóró, ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, ẹ wé e sínú aṣọ tó tutù, kí ẹ máa wọ́n omi sí i. Ní ọjọ́ keje, ẹ ka èyí tó hù. Bí 85 tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá hù, ó dára. Bó bá wà láàárín 70 sí 84, ẹ yá a, àmọ́ ẹ sọ fún ẹni tó yá a pé kó gbìn ín kún. Bó bá wálẹ̀ ju 70 lọ, ẹ má yá ẹnikẹ́ni: ẹ lọ gbìn ín ní oko irúgbìn láti sọ ọ́ dọ̀tun. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé ṣe ìdánwò yìí. Wọ́n máa ń fẹ́ràn rẹ̀, wọn kì í sì í purọ́ lórí iye tí wọ́n kà.

Bí irúgbìn ṣe ń pẹ́

Àwọn ìyá wa máa ń so àgbàdo kọ́ sókè ààrò. Èéfín àti ìgbóná rẹ̀ ń jẹ́ kó máa gbẹ, kòkòrò kì í sì í lè dúró nínú èéfín. Fún ilé kan, ìyẹn ṣì dára. Fún odidi abúlé, ẹ nílò ohun tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀.

Àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS ló wà fún ẹ̀wà tó pọ̀. Láti 1987 ni àwọn olùwádìí yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà àti ti Kamẹrúùnù ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Náílọ́ọ̀nù méjì ló wà nínú, àpò oníhun sì wà níta. Kòkòrò tó bá wà nínú ẹ̀wà yóò lo gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, yóò dẹ́kun jíjẹ, yóò sì kú. Ẹ kún un dáadáa, ẹ fún afẹ́fẹ́ orí jáde, ẹ di náílọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má sì ṣí i fún oṣù méjì ó kéré tán. Kẹ́ẹ̀gì àti ìgò ike ń ṣe iṣẹ́ kan náà bí wọ́n bá kún dẹ́nu, tí ìdérí wọn sì le. Kẹ́ẹ̀gì tó wà ní ìdajì kò wúlò, afẹ́fẹ́ tó kù nínú rẹ̀ tó kòkòrò gbé fún ìgbà pípẹ́. Bí kò bá sí ìkankan nínú wọn, ẹ sẹ́ eérú igi, ẹ po ìwọ̀n eérú mẹ́ta mọ́ ìwọ̀n ẹ̀wà mẹ́rin, kí ẹ tún fi eérú bo orí rẹ̀.

Mo bẹ̀ yín nítorí Ọlọ́run, ẹ má ṣe da ọ̀tápiápiá tàbí dichlorvos kankan sí ẹ̀wà, yálà irúgbìn tàbí jíjẹ. Irúgbìn àná ni oúnjẹ òní nígbà tí ebi bá dé, kò sì sí ẹni tó ń ka ìwé lára àpò lóru. Ó ti pa ènìyàn. Títa dichlorvos inú ìgò kékeré gan-an, NAFDAC ti fòfin dè é láti 2019.

Ilé náà kò ní láti jẹ́ ilé ńlá. Yàrá alámọ̀ kan tí òrùlé rẹ̀ nípọn, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ kì í wọ̀, tí pẹpẹ rẹ̀ ga kúrò nílẹ̀, tí eku kò sì lè gùn, tó. Lára ike kọ̀ọ̀kan àti nínú rẹ̀, ẹ kọ orúkọ irúgbìn, oko tó ti wá, oṣù àti ọdún ìkórè, àti iye tó hù nígbà ìdánwò. Ẹ kọ ọ́ sínú pẹ̀lú, torí ìwé ìta máa ń ṣí kúrò.

Ilẹ̀ tí irúgbìn ń wọ̀

Irúgbìn tó dára kò lè ṣe púpọ̀ lórí ilẹ̀ tó ti kú. Bí èkan bá ti gba ilẹ̀ yín, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ẹkùn Mono, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin, ní ìparí àwọn ọdún 1980. Wọ́n fún àwọn àgbẹ̀ níbẹ̀ ní irú wèrèpè kan tí kì í yún ara, kí wọ́n fi tún ilẹ̀ ṣe. Àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ló kíyè sí i pé ó ń pa èkan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tẹ́wọ́ gbà á. Ẹ lè gbìn ín sáàárín àgbàdo ní nǹkan bí oṣù kan àtààbọ̀ lẹ́yìn tí àgbàdo bá hù, kí ó má baà gun àgbàdo mọ́lẹ̀. Yóò bo ilẹ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn, yóò kú fúnra rẹ̀, ewé rẹ̀ yóò sì di ajílẹ̀. Hóró rẹ̀ kì í ṣe jíjẹ, ẹ kọ ìyẹn sára ike rẹ̀ gàdàgbà.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí olùwádìí bá gbé wá ló ń bá abúlé lára mu. Gbígbìn igi ní ìlà láàárín oko, tí IITA ṣiṣẹ́ lé lórí gan-an ní Ìbàdàn, ń tọ́jú ilẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò lè rí ọwọ́ tí yóò máa gé igi náà lásìkò. Àgúnmániyè ní etí oko, tí a ń gé ṣe ọ̀pá iṣu, rọrùn jù ú lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rí bí a ṣe ń so ẹran, ẹja, ìgbẹ́ àti oko pọ̀, kó lọ sí oko ẹ̀kọ́ Songhai ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), lórílẹ̀-èdè Benin, tí Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, kó sì wo èyí tí agbára abúlé rẹ̀ ká.

Òfin àti àwọn tó ń bọ̀ láti ìta

Òfin ọdún 2019 tó dá lórí irúgbìn fẹ́ kí ẹni tó bá ń ta irúgbìn bí òwò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ National Agricultural Seeds Council, àjọ ìjọba tó ń bójú tó irúgbìn. Òfin ọdún 2021 sì fún ẹni tó bá ṣẹ̀dá oríṣi tuntun ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Nítorí náà, irúgbìn ilẹ̀ yín ni kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀, kí ẹ máa yá a, kí ẹ sì máa fi ṣe pàṣípààrọ̀ láàárín ara yín. Ẹ má kó o sínú àpò tí ẹ lẹ ìwé mọ́ bí ẹni ń ta irúgbìn tí ìjọba fọwọ́ sí. Bí ẹ bá fẹ́ máa tà á, ẹ lọ bá àjọ náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024, ìjọba fọwọ́ sí àgbàdo TELA, tí wọ́n fi ìmọ̀ ẹ̀rọ yí ẹ̀dá rẹ̀ padà, fún títà. Ìpàdé abúlé ló yẹ kó pinnu bóyá ẹ fẹ́ ẹ. Ohun yòówù kí ẹ pinnu, ẹni tó ń tọ́jú oko irúgbìn àgbàdo gbọ́dọ̀ mọ ohun tí àwọn aládùúgbò gbìn, torí afẹ́fẹ́ kì í ka ìwé àdéhùn.

Bí àjọ kan bá fẹ́ fún yín ní ẹ̀bùn, ẹ béèrè tapólì, àpò PICS àti ìwọ̀n. Bó bá jẹ́ irúgbìn ni wọ́n gbé wá, ẹ gbìn ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín fún ọdún kan lórí ebè díẹ̀, kí àwọn ìyá sè é, kí wọ́n tọ́ ọ wò, kí ẹ tó gbà á sínú ilé.

Ní oṣù Ọ̀pẹ, nígbà tí ìkórè bá ti wọlé, ẹ ṣe ọjọ́ ìpàtẹ irúgbìn, kí ẹ pe abúlé méjì tàbí mẹ́ta tó yí yín ká. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti dá gbèsè padà, kí ẹ ṣe pàṣípààrọ̀, kí ẹ sì wá ẹgbẹ́ kan ní abúlé mìíràn tí yóò gba ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo irúgbìn yín sí ìpamọ́, kí ẹ̀yin náà gba tiwọn. Iná ọyẹ́ máa ń jó òrùlé koríko, ọ̀gbàrá sì ń wó ilé alámọ̀. Ẹ kọ orúkọ abúlé yẹn, ohun tó wà lọ́dọ̀ wọn àti iye rẹ̀ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé ẹgbẹ́, kí ẹni tó bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́la lè mọ ibi tí yóò lọ.